My Life in the Bush of Ghosts: orin yìí dùn o, àmọ́ àwọn wo ló ni ohùn inú ẹ̀?

Mo fẹ́ràn rẹ́kọ́ọ̀dù yìí gan-an, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kẹ́nikẹ́ni má bàa rò pé ìjà ni mo bá wá. David Byrne, olórí akọrin ẹgbẹ́ Talking Heads ní Amẹ́ríkà, àti Brian Eno, olórin ará Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde ní 1981, ohùn àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ká látorí rédíò àti inú rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ṣe orin inú ẹ̀, títí dòní tí mo bá ti ki íápíìsì bọ etí tí béèsì orin àkọ́kọ́ yẹn sì wọlé, orí mi á ti máa mì kí n tó mọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀ o, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, torí pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti mú àkọlé yẹn. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, ló kọ ìwé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Faber and Faber ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1954, bàbá yẹn sì wà láàyè nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù yìí fi jáde, 1997 ló tó kú ní Ìbàdàn. Byrne fúnra ẹ̀ ti sọ pé nígbà táwọn mú àkọlé yẹn, àwọn méjèèjì ò tíì ka ìwé náà. Orúkọ ẹ̀ ló wù wọ́n, ó bá ohun tí wọ́n ń ṣe mu, wọ́n bá gbé e.

Ṣé olè nìyẹn ni àbí wọ́n ń júbà? Ìbéèrè tí mo gbé dání nìyẹn tí mo fi tún rẹ́kọ́ọ̀dù náà gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohun tí mo sì ń wò nínú orin kọ̀ọ̀kan ò ju ẹyọ kan lọ: bí mo bá gbọ́ ohùn kan tó wọ̀ mí lára, ṣé wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀ tí mo lè gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín? Yíyá ò burú rárá. Onífújì ń yá lọ́wọ́ alápàlà, alápàlà ti yá lọ́wọ́ onísákárà, akéwì á gbé oríkì tó bá nílẹ̀ á fi tiẹ̀ kún un, kò sì sẹ́ni tó máa pè é lólè torí kó tó ya ẹnu ẹ̀ rárá á ti kọ́kọ́ júbà, á dárúkọ àwọn tó ṣe é ṣíwájú, á ní ẹ̀yìn wọn lòun ń tọ̀. Ẹ̀kòló tó júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn olórin nílé wa nìyẹn, òun náà ni mo máa fi wọn àwọn méjì yìí.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ṣe é ná, torí iṣẹ́ ńlá ni. Àárín 1979 sí 1980 ni wọ́n ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ní New York àti California. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ohùn lónìí, tí ọmọdé á kàn fi fóònù gé ohùn ẹnikẹ́ni á tò ó bó ṣe wù ú, kò sí lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn. Téèpù ni wọ́n lò. Wọ́n á ti gba ìlù àti gìtá àti béèsì sórí téèpù kan, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ téèpù kejì gbé ohùn tí wọ́n ká látorí rédíò tàbí látinú rẹ́kọ́ọ̀dù ẹlòmíràn, wọ́n á tẹ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò bá bọ́ síra wọ́n á dá a padà wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ohùn yẹn á fi jókòó sórí ìlù bí ìgbà tó jẹ́ pé inú sítúdíò yẹn gan-an lẹni náà ti kọ ọ́. Wọ́n gbá páálí dípò ìlù ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n gbá agolo bisikíìtì dípò snare. Gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn lẹ máa gbọ́ tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀, ìró tó gbẹ, tó súnmọ́ etí, tí kò jọ dírọ́ọ̀mù sítúdíò kankan nígbà ayé yẹn.

Ṣé àwọn ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀? Rárá. Holger Czukay tó wà nínú ẹgbẹ́ Can ní Jámánì ti gbé ohùn àwọn akọrin Vietnam sínú orin ẹ̀ láti 1969, ní 1979 ó tún gba ohùn àwọn olórin Iran látorí rédíò shortwave ó fi ṣe orin. Ẹgbẹ́ Can fúnra wọn ní oríṣi orin kan tí wọ́n ń fi orúkọ pè ní ayédèrú orin ìbílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé àfarawé ni. Jon Hassell náà wà níbẹ̀, ọkùnrin afunfèrè tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Pandit Pran Nath ará Íńdíà, òun ló gbé èrò kan kalẹ̀ tó pè ní Fourth World, ìyẹn pípa orin ìbílẹ̀ àgbáyé pọ̀ mọ́ orin ẹ̀rọ, òun àti Eno sì ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kan papọ̀ lórí èrò yẹn ní 1980. Àwọn mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ yìí, Hassell, Eno àti Byrne, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ ní lọ́kàn ni kí wọ́n dá ìlú kan sílẹ̀ nínú èrò wọn, kí wọ́n wá ṣe orin ìlú náà bí ẹni pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ gbà á sílẹ̀ níbẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ẹ̀, Hassell ò sí níbẹ̀ mọ́, ó dùn ún, ó sì sọ ọ́ síta pé ó dun òun. Ẹ wá wò ó o, kí ọ̀rọ̀ tó kan àwọn akọrin Lẹ́bánónì tí ohùn wọn wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù náà tàbí Yorùbá kankan rárá, èrò ẹni tó jókòó tì wọ́n gan-an ti di àríyànjiyàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú orin.

America Is Waiting ló ṣáájú. Bill Laswell ló ta béèsì ibẹ̀, ohùn ọkùnrin kan tínú ń bí lórí rédíò ní San Francisco ni wọ́n gé wẹ́wẹ́ títí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ fi di ìlù. Orúkọ ẹ̀ ò sí lára páálí rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ tèmi, ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́nu, tó ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀, tó ń sọ ti ìjọba orílẹ̀-èdè ara ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti sọ ní gbangba ni wọ́n tún gbé yí po. Mea Culpa tó tẹ̀ lé e, mi ò rí nǹkan púpọ̀ sọ nípa ẹ̀, ó ń yí bírí bírí lójú kan.

Help Me Somebody ni màá fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ wa gbọ́. Reverend Paul Morton ló ń wàásù, New Orleans, oṣù Kẹfà ọdún 1980, orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ kedere. Gìtá ibẹ̀ ń ṣe ohun tí gángan máa ń ṣe lẹ́yìn oníwàásù wa, pásítọ̀ á sọ gbólóhùn kan, gìtá á gbè é lẹ́sẹ̀, tí ohùn bàbá bá lọ sókè gìtá náà á pọn òkè, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní tiwa o, inú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì Àlàdúrà rí á mọ nǹkan náà lójú ẹsẹ̀. Orin yẹn ń sin oníwàásù náà. Ohùn ẹ̀ ló ṣáájú, àwọn olórin ń tẹ̀ lé e.

The Jezebel Spirit wá ńkọ́? Mo máa pẹ́ díẹ̀ níbí torí ibí lọ̀rọ̀ wà. Ohùn Kathryn Kuhlman ni wọ́n kọ́kọ́ fi sórí orin yìí, ajíhìnrere obìnrin ará Amẹ́ríkà tó máa ń fi àdúrà wo aláìsàn, tó kú ní 1976. Àwọn tó ń bójú tó ogún ẹ̀ ní àwọn ò gbà, ọ̀rọ̀ gbígba àṣẹ ohùn yìí sì wà lára ohun tó fa rẹ́kọ́ọ̀dù náà sẹ́yìn tó fi jẹ́ pé Remain in Light, tí Byrne àti ẹgbẹ́ ẹ̀ Talking Heads bá Eno ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eléyìí, ló kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹwàá 1980. Byrne àti Eno bá wá ohùn míì, wọ́n rí ọkùnrin kan lórí rédíò New York ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn tó ń lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lára obìnrin kan. Ẹni tó bá ti lọ sí ìsìn ìtúsílẹ̀ rí nílẹ̀ wa, kò sí ohun tuntun níbẹ̀ fún un: ọkùnrin yẹn ń pàṣẹ fún ẹ̀mí Jésíbẹ́lì kó jáde, ó ní ọkọ obìnrin náà lolórí ilé, obìnrin náà ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ìlù ń sáré lábẹ́ gbogbo ẹ̀. Ká sòótọ́, nínú gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù náà orin yìí ni ìlù ẹ̀ gbóná jù, DJ tó bá gbé e sílẹ̀ lálẹ́ yìí, èèyàn á jó. Obìnrin tó ń mí yẹn ńkọ́? Ta ni? Kí ló ṣe é lọ́jọ́ náà? Àwọn tó ṣojú fún òkú ní agbára láti sọ pé rárá, obìnrin tó wà láàyè yẹn, kò sẹ́ni tó bi í. Ìṣòro ẹ̀, èémí ẹ̀, ìtìjú ẹ̀ bó bá jẹ́ pé ojú tì í, ti di nǹkan tí wọ́n ń jó sí láti 1981. Mi ò lè jó sí i mọ́. Mo máa ń gbọ́ ọ, mo máa ń gbọ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ṣe dáa tó, ara mi ò kàn gbà á ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka ìwé Tutuola, ẹ rántí ibi tí wọ́n ti gbé ọmọ náà sínú igi oníhò? Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó sá wọ inú igbó torí ogun akónilẹ́rú, ọdún 24 ló lò láàárín àwọn iwin. Iwin aláìnílé kan wá gbé e sínú igi oníhò, ó kó ejò tì í níbẹ̀, ó dí ẹnu ihò náà. Ẹ̀rù ejò á ba ọmọ, ọmọ á ké, igbe yẹn wá di orin létí iwin, ó ń jó sí i, ó ń gbé igi náà kiri, àwọn iwin tó kù náà ń jó sí i. Lọ́dún 1954! Tutuola ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí gígé ohùn sórí ìlù fún títà ò tíì wọ́pọ̀, pé igbe èèyàn lè di ijó ẹlòmíràn, pé ẹni tó ń jó ò ní mọ̀ pé ejò wà nínú igi. Àwọn méjì yìí mú orúkọ ìwé náà láìṣí i. Ká ní wọ́n ṣí i ni, mo gbà gbọ́ pé Jezebel Spirit yẹn ò ní jáde bó ṣe jáde, torí òmùgọ̀ kọ́ ni wọ́n, àwọn èèyàn tó máa ń ronú ni, ibi tí wọ́n ti ń ronú náà ni ojú ìwé yẹn ì bá ti bá wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé Tutuola náà yá nǹkan. Ó yá, mo gbà. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ti wà nílẹ̀ láti 1938, igbó, iwin, ẹranko tó ń sọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀, nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ tí Tutuola gbé jáde dé ní 1952 tí òyìnbó sì ń yìn ín, àwọn kan lára àwọn ọ̀mọ̀wé wa fajúro, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ń dójú tì wá, wọ́n ní Fágúnwà ló jí wò. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Inú àlọ́ tí àwọn ìyá wa ń pa lálẹ́ ni àwọn méjèèjì ti ń pọn, Tutuola sì bu tiẹ̀ kún un débi pé kò ṣeé jí mọ́, obìnrin iwin tí tẹlifíṣọ̀n wà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, tó fi àtẹ́lẹwọ́ yẹn han ọmọ náà bí ìyá ẹ̀ ṣe ń ṣe nílé, níbo ni ìyẹn wà kí Tutuola tó dé? Ilé tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, WNTV Ìbàdàn, 1959 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìwé náà. Ohun tí mò ń pè ní àtinúdá nìyẹn, kó o wọ inú igbó ọ̀hún, kó o bá nǹkan ibẹ̀ jà, kó o jáde pẹ̀lú ohun tí ẹni tó ṣáájú ẹ ò mú jáde. Byrne àti Eno dúró sí ẹnu igbó níbi tí wọ́n kọ orúkọ sí, ní ti àkọlé o. Òfin ò sì dá wọn dúró, àkọlé ìwé ò sí lábẹ́ ààbò copyright ní Amẹ́ríkà tàbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí n má rẹ́ wọn jẹ ṣá, torí rẹ́kọ́ọ̀dù yìí ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò gbọ́ orúkọ Tutuola rí ló lọ wá ìwé ẹ̀ rà, ọ̀nà yẹn ṣí, ó dé Abẹ́òkúta.

Ibi tí wọ́n ti ṣe é tó dáa jù lójú tèmi ni Moonlight in Glory. The Moving Star Hall Singers ló ni ohùn ibẹ̀, àwọn adúláwọ̀ Gullah tí àwọn baba ńlá wọn jẹ́ ẹrú ní erékùṣù etíkun Amẹ́ríkà. Àtẹ́wọ́ wọn, bí ọ̀kan ṣe ń dá tí àwọn tó kù ń gbè, Byrne àti Eno fi àyè sílẹ̀ fún un, wọ́n fi béèsì rọra gbé e láti ìsàlẹ̀, wọn ò gé e wẹ́wẹ́. Lára páálí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà, wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ Folkways, wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n ti mú un, FS 3841, wọ́n kọ orúkọ Guy Carawan tó gbà á sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjúbà? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ wọn láìsí òyìnbó kankan níbẹ̀, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa lọ. Ohun tó kù ni pé wọ́n kọ ọ́ pé Georgia ni wọ́n ti wá, bẹ́ẹ̀ Johns Island ní South Carolina ni Moving Star Hall wà.

Àṣìṣe irú ẹ̀ tún wà nínú A Secret Life, wọ́n ní Samira Tewfik jẹ́ gbajúmọ̀ akọrin ará Íjíbítì. Ará Lẹ́bánónì ni! Obìnrin tí gbogbo àgbáyé Lárúbáwá mọ̀, tó lókìkí nílẹ̀ Jọ́dánì bí ẹni pé ọmọ ibẹ̀ ni. Ẹnìkan á ní kí ló kàn, Lárúbáwá ṣá ni. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnìkan bá gbé ohùn Hárúnà Ìṣọ̀lá sórí ìlù, tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ará Ghana ni, ṣé ẹ máa ní kí ló kàn? Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù wọ́n gbà á tọ́, ilé tí wọ́n bí èèyàn sí ni wọn ò yẹ̀ wò. Orin náà fúnra ẹ̀ ò sì lágbára, ohùn obìnrin yẹn kàn ń rìn gbéregbère lójú ọ̀nà jíjìn, wọ́n lò ó bí èèyàn ṣe ń bu lọ́fínńdà sára.

Regiment yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá. Dunya Yunis, ọmọbìnrin akọrin láti orí òkè Lẹ́bánónì, ohùn ẹ̀ wá látinú rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n pè ní The Human Voice in the World of Islam. Ìgbà tí béèsì yẹn bá ti jókòó, tí ohùn ẹ̀ wá bẹ́ wọlé, tó fà á, tó yí i, tó tún gbé e sókè kó tó jẹ́ kó wá sílẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ta síbẹ̀ á di kékeré sí i. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ohùn kan náà ló wà nínú The Carrier, ìyẹn tutù ju èyí lọ.

Ọ̀rọ̀ Qu'ran wá kù. Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, orin yìí ló ṣí ojú kejì, àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Algeria ló ń ké Kùránì, Byrne àti Eno wá tẹ́ ìlù àti gìtá sábẹ́ ẹ̀. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan ní London kọ̀wé sí wọn pé ìwà àìbọ̀wọ̀ ni, wọ́n bá yọ ọ́, Very, Very Hungry ni wọ́n fi dípò ẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn kan títí dòní ń pè é ní ìpanumọ́, wọ́n ní olórin ò gbọ́dọ̀ tẹrí ba fẹ́nikẹ́ni. Mo yàtọ̀ sí wọn, àwa tí a bí sáàárín Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì nínú agboolé kan náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀sìn Ìsìláàmù gan-an ni fújì ti jáde, àwọn ọmọ tó ń jí èèyàn sí sààrì nínú oṣù Ààwẹ̀ ló ń ṣe wéré, látinú wéré ni Síkírù Àyìndé Barrister ti mú fújì wá, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kún inú fújì fọ́fọ́, ẹ̀bẹ̀ sí Ọlọ́run wà níbẹ̀, orúkọ Ànábì wà níbẹ̀. Àmọ́ onífújì fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ ni, ọmọ inú ilé ni, ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dé, bó bá sì kọjá àyè ẹ̀ àwọn àlùfáà ládùúgbò ẹ̀ á bá a wí. Ẹni tó ń ké Kùránì ní Algeria ò kọrin fún ẹnikẹ́ni, ìjọsìn ló ń ṣe. Wọ́n ní kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n yọ ọ́ láìjà, mo sì fi ìyẹn yìn wọ́n ju bí mo ṣe fi ọ̀pọ̀ orin ibẹ̀ yìn wọ́n lọ. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà ò dín kù lójú mi.

Kí n tó gbàgbé, gbèsè tó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí ò sí nínú ohùn rárá, inú ìlù ló wà. Eno ti ra Afrodisiac tí Fẹlá ṣe ní 1973, ó fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ó gbé e fún àwọn Talking Heads gbọ́, ó sì ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé bó ṣe gba tiẹ̀ tó. Bí ìlù ṣe ń lọ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù yìí, tí ẹnikẹ́ni ò gbá nǹkan púpọ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo ẹ̀ so kọ́ra, tí gìtá ń ṣe bí ìlù, tí orin ò lọ síbì kan síbẹ̀ tí kò dúró, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Africa '70, ẹgbẹ́ Fẹlá, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ Tony Allen, onílù Fẹlá, wà níbẹ̀ láìwá síbẹ̀. Ohùn tí wọ́n ká lórí rédíò ní oṣù àti ìlú lára páálí, nígbà míì orúkọ pàápàá, ìlù tó gbé gbogbo ẹ̀ dúró ò lórúkọ, torí òfin ò mọ ẹni tó ni ìlù.

Fẹlá náà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nígbà tí Paul McCartney, ọ̀kan lára àwọn Beatles tẹ́lẹ̀, wá sí Èkó ní 1973 láti wá ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ní sítúdíò EMI, Fẹlá fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin Áfíríkà, McCartney ní láti gbé téèpù ẹ̀ fún un gbọ́ kó rí i pé kò sí nǹkan wa níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Fẹlá gan-an ti lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969, ó ti gbọ́ James Brown, Tony Allen ti gbọ́ Max Roach àti Art Blakey, àwọn onílù jazz Amẹ́ríkà, kó tó mọ bóun ṣe máa máa lù, àwọn yẹn náà sì ń lu ohun tó ti ilẹ̀ wa kọjá òkun lọ láyé ẹrú. Kò sẹ́ni tó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tan yín. Ohun tó mú kí afrobeat jẹ́ ti Fẹlá àti Tony Allen ni pé wọ́n pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ wọ́n sì fún un lórúkọ àti adúgbò, o lè tọ́ka sí Èkó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ohun tó burú ju eléyìí lọ, ẹ wo Serge Gainsbourg, olórin ní Faransé, 1964. Babátúndé Ọlátúnjí, onílù, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, ti gbé rẹ́kọ́ọ̀dù Drums of Passion jáde ní Amẹ́ríkà láti 1960, Gainsbourg mú orin mẹ́ta níbẹ̀, Akíwowo wà lára wọn, ó yí ọ̀rọ̀ inú wọn padà sí Faransé, ó kọ orúkọ ara ẹ̀ nìkan síbẹ̀. Kò sí ìdí láti jiyàn lórí ìyẹn, kò fi ọ̀nà kankan sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ Byrne àti Eno mọ́ ju bí àwọn kan ṣe ń sọ lọ.

Kí ọmọ ilẹ̀ wa náà má rò pé ti òyìnbó nìkan lọ̀rọ̀ yìí o, mo tún máa ń ronú sí iṣẹ́ Emeka Ogboh, ọmọ Nàìjíríà tó fi ariwo Èkó ṣe orin ẹ̀rọ, rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ Beyond the Yellow Haze jáde ní 2021, ohùn ojú pópó, hóònù ọkọ̀ àti ariwo dánfó wà níbẹ̀, orin yẹn dáa gan-an ni. Àwọn tó ni ohùn ojú pópó wọ̀nyẹn náà, ta ló mọ orúkọ wọn? Mo gbà pé ó yàtọ̀, torí ó gbé ìlú yẹn, etí ẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ, kò mú un bí nǹkan àjèjì. Ìbéèrè obìnrin tó ń mí nínú Jezebel Spirit ṣì ń tẹ̀ lé mi débẹ̀ náà.

Ní ti rírà, ẹ̀dà tí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Nonesuch tún gbé jáde ní 2006 ni kẹ́ ẹ wá. Ìró ẹ̀ mọ́, béèsì ẹ̀ rinlẹ̀, wọ́n fi orin méje míì kún un, kì í ṣe gbogbo wọn ló yẹ kó jáde àmọ́ ó dáa kéèyàn rí bí iṣẹ́ náà ṣe rí kí wọ́n tó parí ẹ̀. Qu'ran ò sí níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ka téèpù orin méjì, Help Me Somebody àti A Secret Life, sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹnikẹ́ni gbé e kó fi ṣe tiẹ̀ lábẹ́ láísẹ́ńsì Creative Commons, ìyẹn ni pé àwọn tó yá náà yá ẹlòmíràn, mo fẹ́ràn ìyẹn. Ẹ má gbọ́ ọ lórí fóònù nìkan tẹ́ ẹ bá lè ra àwo tàbí sídíì ẹ̀, torí lórí fóònù orúkọ orin àti orúkọ Byrne àti Eno lẹ sáábà máa rí, bẹ́ẹ̀ ara páálí yẹn ni gbogbo orúkọ tí mò ń pè látàárọ̀ wà, Dunya Yunis, Paul Morton, Samira Tewfik. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Regiment, ẹ lọ sí Help Me Somebody, kẹ́ ẹ fi Mountain of Needles tí kò ní ohùn ẹnikẹ́ni parí ẹ̀, ó kúrú, ó sì rẹwà. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ Moonlight in Glory, ẹ lọ síbi Smithsonian Folkways, wọ́n ṣì ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù Moving Star Hall Singers yẹn títí di ìsinsìnyí, ẹ ra ìyẹn náà.